Ogun ti parí, wọ́n ṣì ń pa ènìyàn: ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Valencia

Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nítòsí Valencia, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ló kọ̀wé sí mi. Màmá tó ń tọ́jú ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní nígbàkigbà tí màmá náà bá fẹ́ mẹ́nu kan bàbá rẹ̀, á kọ́kọ́ ní kí òun lọ ti fèrèsé, á wá rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin ni wọ́n ń gbé, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà nínú ilé. Wọ́n yìnbọn pa bàbá náà ní Paterna lọ́dún 1940. Ìbéèrè arábìnrin wa rèé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù mi, wọ́n ní ogun abẹ́lé Sípéènì parí ní 1939. Báwo ni wọ́n ṣe wá pa bàbá wọn nítorí ogun ní 1940? Àbí màmá ló ṣi ọdún kà? Ta ni wọ́n sì ń bẹ̀rù títí di òní tí a fi ń ti fèrèsé?”

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Màmá kò ṣi ọdún kà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1939 ni Ọ̀gágun Francisco Franco, olórí àwọn tó ṣẹ́gun, kéde pé ogun ti parí. Ní Paterna tó wà nítòsí yín yẹn, inú oṣù Kẹrin yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ènìyàn síwájú ìbọn, wọn ò sì ṣíwọ́ pátápátá títí di 1956. Àwọn tí wọ́n pa síbi kan ṣoṣo yẹn lé ní 2,200. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kú lójú ogun. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti kó wọn wá, pẹ̀lú ìwé ìdájọ́ tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́.

Òǹtẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbínú ogun ló ṣẹ́kù sínú àwọn tó ṣẹ́gun, tí wọ́n fi ń pa ènìyàn kiri títí ara wọn fi balẹ̀. Ìbínú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú kì í pẹ́ tó ogún ọdún. Ohun tó pa bàbá màmá ní akọ̀wé, ó ní fáìlì, ó ní owó oṣù, ó sì ní ọwọ́ aládùúgbò nínú. Bí mo bá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ti aládùúgbò bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn á yé yín.

Ẹ jẹ́ kí n yára mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì 1936, àgbájọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń pè ní Frente Popular wọlé ìbò ní Sípéènì. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ni ilẹ̀ rẹpẹtẹ kò fẹ́ wọn, nítorí àwọn àgbẹ̀ tí kò nílẹ̀ ti ń retí kí ìjọba pín ilẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gágun kò fẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà náà kò fẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 17 àti 18 oṣù Keje, àwọn ológun dìtẹ̀. Ìdìtẹ̀ náà yọrí ní apá kan, kò yọrí ní apá kejì, ogun sì bẹ́. Hitler àti Mussolini kó ọkọ̀ òfuurufú àti ọmọ ogun ran àwọn adìtẹ̀, Soviet ta ohun ìjà fún ìjọba. Nacionales ni àwọn adìtẹ̀ pe ara wọn, bí ẹni pé àwọn nìkan ló ni orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò bá sí lẹ́yìn wọn, wọn kì í pè é ní alátakò. Wọ́n ń pè é ní Anti-España, ẹni tó lòdì sí Sípéènì fúnra rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Alátakò, a lè bá a jókòó nígbà tí ìjà bá tán. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní àrùn lára orílẹ̀-èdè, gígé ló kù tí wọ́n máa gé e.

Àwọn tó sì fẹ́ gé e ti pọ́n ọ̀bẹ wọn kó tó di pé ìbọn dún. Ọ̀gágun Emilio Mola, tó darí ètò ìdìtẹ̀ náà, ti kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ìkọ̀kọ̀ ní 1936 pé ìwà ipá náà gbọ́dọ̀ le kọjá ààlà kí ọ̀tá lè tètè túúbá, kí wọ́n sì ti gbogbo aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò bá bá wọn ṣe mọ́lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà bá ìwé yẹn mu. Ní Badajoz, nítòsí ààlà Pọ́túgàl, àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Yagüe wọ̀lú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, wọ́n da àwọn tí wọ́n mú sínú pápá ìjà màlúù, wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n. Mário Neves, oníròyìn ọmọ Pọ́túgàl, wọ ìlú náà, ó rí òkú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn tó sá kọjá ààlà, ìjọba Pọ́túgàl dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà fún àwọn tó ń lé wọn. Ní Granada, wọ́n pa olórí ìlú, Manuel Fernández-Montesinos, ní ọjọ́ 16 oṣù yẹn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n mú àbúrò ìyàwó… rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọ́n mú Federico García Lorca, akéwì tí gbogbo Sípéènì mọ̀, ẹni tí àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ aya olórí ìlú náà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pa òun náà láàárín Víznar àti Alfacar. Títí di òní, wọn ò rí òkú rẹ̀.

Ikú ìgbà yẹn, òru ni, ẹ̀bá ọ̀nà ni, kò sí ìwé. Ti 1940 yàtọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1936, àwọn ọ̀gágun tó kóra jọ sí ìlú Burgos kéde òfin ogun lé gbogbo Sípéènì lórí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá dúró ti ìjọba tí aráàlú dìbò yàn ni wọ́n ń pè ní ọlọ̀tẹ̀. Àwọn tó dìtẹ̀ wá jókòó sórí àga adájọ́, wọ́n ń dá àwọn tí kò bá wọn dìtẹ̀ lẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo bù ú kún. Ramón Serrano Suñer, tó fẹ́ àbúrò ìyàwó Franco, tó sì jẹ́ mínísítà rẹ̀, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìdájọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Wọn ò ká òfin ogun náà kúrò nílẹ̀ títí di 1948. Nítorí náà, ogun tí ẹ rí lórí fóònù pé ó parí ní 1939, nínú òfin kò tíì parí nígbà tí wọ́n mú bàbá màmá.

Kóòtù ológun ni wọ́n gbé e lọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sumarísimo de urgencia, ìyẹn ẹjọ́ àyárádá. Wọ́n lè gbé ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí síwájú adájọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ológun ni adájọ́. Ológun ni ẹni tó ń rojọ́ mọ́ wọn. Ológun náà ni ẹni tí wọ́n ní kó gbèjà wọn, kò pọn dandan kó mọ òfin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í bá àwọn tó ń gbèjà sọ̀rọ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á dìde, á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ọgbọ̀n ọdún rọ́pò ikú, á jókòó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti dá ẹjọ́ gbogbo wọn. Àwọn bàbá wa ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà; níbí yìí, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan náà délẹ̀. Ìwé náà á wá gòkè lọ bá Franco. Bí ó bá kọ enterado sí i, ìyẹn pé òun ti gbọ́, ó parí. Kò sí ẹni tó ń sọ fún ẹlẹ́wọ̀n pé ìwé rẹ̀ ti padà dé. Oṣù lórí oṣù ni yóò fi máa sùn láìmọ̀ bóyá orúkọ òun ni wọ́n máa pè kí ilẹ̀ tó mọ́.

Iye tí ọ̀pọ̀ òpìtàn Sípéènì fara mọ́ lónìí ni pé nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni wọ́n pa lẹ́yìn tí ogun ti parí, yàtọ̀ sí nǹkan bí 100,000 tí wọ́n ti pa lẹ́yìn ojú ogun láàárín 1936 sí 1939. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1940, ìwé ìjọba Franco fúnra rẹ̀ ka ẹlẹ́wọ̀n 270,719.

Báwo ni kóòtù ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n mú nínú orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Ibí ni màmá yín ti wọlé. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ní kí oníkálùkù padà sí ìlú tó ti wá, kó lọ fara hàn. Níbẹ̀, wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí nípa rẹ̀ lọ́wọ́ olórí ìlú, lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní Guardia Civil, lọ́wọ́ Falange tó jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo tí Franco fàyè gbà, àti lọ́wọ́ fáda ìjọ àdúgbò. Ìwé kékeré kan wà tó ń jẹ́ aval, tí ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ máa ń kọ pé òun mọ lágbájá, pé ọmọlúàbí ni, pé kò bá àwọn pupa rìn, ìyẹn àwọn tó dúró ti ìjọba àtijọ́. Láìsí aval, kò sí iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí ìtúsílẹ̀. Ẹ wo opó kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fáda tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlà mẹ́ta tí wọ́n máa kọ sórí bébà. Fáda yẹn mọ orúkọ ẹni tó ń wá sí máàsì àti ẹni tí kì í wá. Àwọn fáda kan wà tó kọ aval títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n, tí wọ́n sì gba ènìyàn là. Àwọn mìíràn kọ òdìkejì rẹ̀.

Ìjọba sì sọ fún aráàlú pé ojúṣe ni kí wọ́n wá fẹjọ́ sùn. Àwọn tó wá kò rí bákan náà. Ẹlòmíràn ti pàdánù ọmọ tàbí ọkọ sọ́wọ́ àwọn olùgbèjà ìjọba àtijọ́, ẹ̀dùn ọkàn ló gbé e wá. Ẹlòmíràn jẹ gbèsè. Ẹlòmíràn ń wo oko ẹnìkejì. Ẹlòmíràn ń wá iṣẹ́, nítorí òfin oṣù Kẹjọ 1939 ya ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ipò iṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ fún àwọn tó jagun fún Franco, àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn tí ìjọba àtijọ́ tì mọ́lé, àti àwọn ọmọ òrukàn wọn. Olùkọ́ kan kúrò níbẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Aládùúgbò tó fọwọ́ síwèé náà ṣì ń gbé òdìkejì títì. Ó ń ra búrẹ́dì níbi tí opó ti ń ra búrẹ́dì. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ opó ń bá ara wọn lọ sílé ìwé kan náà. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá dàgbà sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé mẹ́wàá ló ti mọ̀ pé a kì í pe orúkọ bàbá òun nígbà tí fèrèsé bá ṣí.

Mo fẹ́ mú yín dé inú ẹ̀wọ̀n kan. Ẹ̀wọ̀n obìnrin tó wà ní Ventas, ní Madrid, nǹkan bí 500 obìnrin ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní ẹ̀ẹ̀rùn 1939 ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sùn sórí àtẹ̀gùn, àwọn mìíràn gbé ọmọ ọwọ́ wọlé. Nínú wọn ni àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Socialist àti Kọ́múníìsì. Ní ìparí oṣù Keje, wọ́n pa ọ̀gá Guardia Civil kan ní ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọbìnrin náà ti wà nínú àhámọ́ nígbà tí wọ́n pa á. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ wọ́n dá wọn lẹ́jọ́, ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n yìn wọ́n níbọn lẹ́bàá ògiri itẹ́ òkú: ọmọbìnrin mẹ́tàlá, ọkùnrin mẹ́tàlélógójì. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Julia Conesa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó mú un lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún òun. Ìlà ìparí lẹ́tà náà ni pé kí orúkọ òun má parẹ́ nínú ìtàn.

Pípa nìkan kọ́. Òfin kan tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì 1939, Òfin Ẹ̀bi Òṣèlú, ń fìyà jẹ ènìyàn fún ohun tó ṣe láti oṣù Kẹwàá 1934, nígbà tí kò sí òfin kankan tó kà á léèwọ̀. Wíwà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó bófin mu nígbà náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kíká ọwọ́ gbera láìran àwọn Nacionales lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n sì ń dá ẹni tó ti kú lẹ́jọ́: wọ́n á yìnbọn pa ọkùnrin, wọ́n á tún bu owó ìtanràn lé e lórí, ìyàwó àti ọmọ á san án nínú ogún tó fi sílẹ̀, bí ogún bá wà. Mo ti ka irú ìwé ìjọba bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka àga, wọ́n ka ìbaaka, wọ́n ka ìkòkò. Ìgbà tí mo dé ibi ìkòkò ni mo pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn obìnrin tí wọn ò pa, ní ìlú kéékèèké, wọ́n fá irun wọn kodoro, wọ́n fi epo láárà mu wọ́n ní túláàsì, wọ́n wá ń fi wọ́n yí ìlú ká kí ìgbẹ́ lè gbọ̀n wọ́n lójú gbogbo ayé. Wọ́n yẹ gbogbo olùkọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jìyà: lílé kúrò, gbígbé lọ sí ìlú tó jìnnà, tàbí dídá owó oṣù dúró. Èdè Catalan, Basque àti Galician kò gbọdọ̀ dún ní ọ́fíìsì tàbí ilé ìwé mọ́. Àwọn ọmọ tó wà pẹ̀lú ìyá wọn lẹ́wọ̀n, bí wọ́n bá ti pé ọdún mẹ́ta, wọ́n á mú wọn jáde, ọ̀pọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ilé ìtọ́jú ìjọba àti ti Ìjọ. Òfin oṣù Kejìlá 1941 gbà kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ ọmọ tí wọn ò bá mọ òbí rẹ̀. Àwọn ìyá kan jáde lẹ́wọ̀n tí wọn ò mọ orúkọ tí ọmọ wọn ń jẹ́ mọ́.

Ẹ ó pàdé ẹni tó máa sọ fún yín pé àwọn pupa náà pa ènìyàn. Òótọ́ ni, ẹ má bá a jiyàn. Ní ìhà ìjọba tí aráàlú dìbò yàn, nǹkan bí 50,000 ni wọ́n pa lẹ́yìn ojú ogun, tó fi mọ́ àwọn fáda, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn àti sístà tó sún mọ́ 7,000. Ní Paracuellos, ìta Madrid, wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 2,000 jáde ní oṣù Kọkànlá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 1936, wọ́n sì pa wọ́n. Ìwà ọ̀daràn ni, ẹnikẹ́ni tó bá bò ó kò ṣe màmá yín lóore. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó dá a dúró. Melchor Rodríguez, ọmọ ẹgbẹ́ anarchist tó wà ní ìhà ìjọba yẹn, ni wọ́n fi ṣe olórí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Madrid. Ó paṣẹ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú ẹlẹ́wọ̀n jáde lóru mọ́. Ní Alcalá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n níwájú èrò tó gbé ìbọn dání, ó sì gba àwọn ọ̀gágun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ Franco tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Lẹ́yìn ogun, kóòtù Franco rán an lẹ́wọ̀n ogún ọdún. Bí ó bá jẹ́ pé apànìyàn ni òfin náà ń wá, kí ló fẹ́ fi ọkùnrin yẹn ṣe?

Àwọn tí ìhà ìjọba pa, Franco hú òkú wọn, ó sin wọ́n pẹ̀lú ọlá, ó kọ orúkọ wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó fún opó wọn ní owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn tí òun pa wà nínú kòtò. Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ tí Gowon sọ ní oṣù Kìíní 1970, pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Bí wọ́n ṣe mú un ṣẹ tó jẹ́ àríyànjiyàn ọjọ́ mìíràn. Franco kò tilẹ̀ jẹ́ kó kọjá ní ẹnu rẹ̀. Ọdọọdún ló ń ṣe àyẹyẹ ìṣẹ́gun.

Nípa kòtò Paterna, ó yẹ kí màmá mọ orúkọ Leoncio Badía, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìhà ìjọba tí wọ́n ṣẹ́gun lòun náà wà. Nígbà tí kò rí iṣẹ́, wọ́n ní kó wá máa sin àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe agbẹ́sàréè. Òkú á dé nínú ọkọ̀ ẹrù, òun ló ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Kó tó da erùpẹ̀ bò wọ́n, ó ń tẹ́ wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ́ ènìyàn. Ó ń gé ègé aṣọ lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń já bọ́tìnnì, nígbà mìíràn ìdì irun, ó ń kó wọn pamọ́. Àwọn opó á wá bá a ní ìkọ̀kọ̀, á kó wọn jáde, obìnrin á mú ègé aṣọ tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ rán, á mọ̀ pé ọkọ òun nìyí, á sì mọ kòtò tó wà. Ó tún ń fi igò kékeré tí orúkọ wà nínú rẹ̀ sáàárín àwọn òkú. Nígbà tí wọ́n hú kòtò náà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n bá àwọn igò náà níbi tó fi wọ́n sí.

Bí ẹ̀rù yẹn ṣe pẹ́ tó, ẹ gbọ́ ti Manuel Cortés. Onígbàjámọ̀ ni, ọmọ ẹgbẹ́ Socialist, òun sì ni olórí ìlú Mijas nítòsí Málaga nígbà ogun. Ó yọ́ wọlé lóru ní 1939, ìyàwó rẹ̀ Juliana sì fi í pamọ́ sínú ilé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà níbẹ̀. Juliana ń ta ẹyin láti bọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn, aṣọ ìyá arúgbó ló wọ̀ kọjá lójú títì lóru. Ọmọbìnrin wọn dàgbà, ó ṣègbéyàwó, bàbá rẹ̀ ń wò ó láti ibi ìsápamọ́. Ìgbà tí ìjọba gbé òfin jáde ní ìparí oṣù Kẹta 1969 pé wọn ò ní fẹjọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ogun tó parí kan ẹnikẹ́ni mọ́ ló tó jáde sínú oòrùn. Kò ṣe àṣejù: ní oṣù Kẹrin 1963, wọ́n yìnbọn pa Julián Grimau, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, nítorí ẹ̀sùn ìgbà ogun, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún tí ogun ti parí.

Franco kú lórí ibùsùn ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1975. Ẹni tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti kéde ikú rẹ̀ ni Carlos Arias Navarro, olórí ìjọba nígbà náà. Ní 1937, òun ló ń rojọ́ mọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní kóòtù ológun Málaga. Èyí fi hàn yín bí àwọn ènìyàn náà ṣe wà lórí àga títí. Òfin ìdáríjì ọdún 1977 tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀, ó sì tún bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fìyà jẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ nínú ìwé kan náà. Ọ̀pọ̀ aráàlú fara mọ́ ọn nígbà náà nítorí ẹ̀rù ogun mìíràn, n kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìdílé tó ní òkú nínú kòtò ni wọ́n fi san owó àlàáfíà náà.

Ọdún 2000 ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀, nígbà tí Emilio Silva hú òkú bàbá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ti ènìyàn méjìlá mìíràn ní Priaranza del Bierzo, tí àyẹ̀wò DNA sì fi í hàn. Òfin ìrántí jáde ní 2007, òmíràn ní 2022 tó sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni láti wá àwọn òkú náà. Ẹnì kan tí kò dúró de ìjọba ni Ascensión Mendieta. Ọmọdé ni nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó wá mú bàbá rẹ̀, Timoteo, tí wọ́n pa ní oṣù Kọkànlá 1939. Nígbà tí kóòtù Sípéènì kò gbọ́ tirẹ̀, ó wọ bàálù lọ sí Buenos Aires ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, nítorí adájọ́ kan ní Ajẹntínà ti gba ẹjọ́ àwọn tí Franco fìyà jẹ. Adájọ́ yẹn ló paṣẹ pé kí wọ́n hú kòtò. Ní oṣù Keje 2017, Ascensión sin bàbá rẹ̀ sí Madrid. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú.

Nítorí náà, ohun tí ẹ lè ṣe rèé, bí màmá bá fẹ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn fáìlì kóòtù ológun ṣì wà, ọmọ ẹni tí wọ́n pa lè béèrè fún ẹ̀dà tirẹ̀. Kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé orúkọ àwọn tó fẹjọ́ sùn lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ orúkọ tí màmá mọ̀. Ẹ má kà á fún un láìbi í. Ní Paterna, àwọn ìdílé ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kòtò sí kòtò, nọ́ńbà kòtò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pe ara wọn, wọ́n sì ti hú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n pa bàbá ló máa tọ́ka sí kòtò tó wà. Itọ́ ẹnu màmá ni wọ́n nílò fún DNA, ti ọmọ ẹni sì ń dáhùn ju ti ọmọ-ọmọ lọ, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́. Ẹ tún bi í bóyá ìyá rẹ̀ fi bọ́tìnnì tàbí ègé aṣọ kan sílẹ̀, èyí tí kò sọ ibi tó ti rí i. Bí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ ti fèrèsé, ẹ bá a tì í.